Ẹni Tó Pàgọ́ Sẹ́nu Ọ̀nà Ọya: Ìdáhùn sí Ìwé Àwọn Tó Ń Sùn sí Agbo Orin

Ẹ̀yin ará Lọ́kọ́jà, ọmọ ibi tí odò méjì ti pàdé tí wọn kò bá ara wọn jà, ọmọ abẹ́ Òkè Patti, ọmọ ẹlẹ́ja tútù, ọmọ olóòrùn tí í dá àgbàlagbà jókòó sábẹ́ igi lọ́sàn-án gangan, mo kí yín. Mo kí ẹ̀yin Oworo ará orí òkè Agbaja, mo kí ẹ̀yin Nupe atukọ̀, mo kí Ìgalà, mo kí Ebira, mo kí Haúsá, mo sì kí gbogbo ọmọ Okun tí wọ́n ti Kàbà, Ìjùmú, Yàgbà àti Búnú rọ́ wá síbí láti ọdún 1991 tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, tí wọ́n ní ọjọ́ díẹ̀ ni àwọn fẹ́ lò nídìí iṣẹ́ ìjọba, tí a kò sì tíì rí kí wọ́n di ẹrù.

Ìwé tí ẹ kọ sí mi lóṣù yìí kún àpótí, ohùn kan náà ni gbogbo wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jùmọ̀ ń sọ. Àwọn ọ̀dọ́ wa ti pinnu pé kò tó mọ́ kí ènìyàn lọ síbi tí wọ́n ti ń lù tí wọ́n ti ń kọrin, kí ó jó, kí ó làágùn, kí ó sì darí sílé. Dandan ni kí ó di ilé rẹ̀ sẹ́yìn bí ìgbín, kí ó pàgọ́ aláṣọ sétí odò tàbí sórí òkè, kí òun àti ọ̀rẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin máa fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn níhà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí wọ́n sì máa pe ìyà náà ní fàájì. N kò wí pé ọ̀ràn yìí jẹ́ tuntun. Bùdó ogun ni Ìbàdàn jẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1829 kí ó tó di ìlú, àwọn tó kọ́kọ́ sùn síbẹ̀, abẹ́ àtíbàbà ni wọ́n sùn, ìlù kò sì jìnnà sí wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan nínú wọn tó san owó ìwọlé. Níwọ̀n bí iṣẹ́ mi sì ti jẹ́ láti gbani nímọ̀ràn, tí kì í ṣe láti gbani là, ẹ jẹ́ kí n máa mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá Agbaninímọ̀ràn, okun o. Àwa mẹ́rin la dáwó ra àgọ́ kan tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ti ènìyàn mẹ́rin ni. A pa á sétí odò lọ́nà Ganaja nítorí agbo orin kan tí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ní oṣù kẹrin. Kí olórin kejì tó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ìjì dé, ó fa àgọ́ wa tu, ó gbé e kọjá lórí àwọn onísùyà, a kò sì rí i mọ́ títí di òní. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní èmi ni mo kan èèkàn tí kò wọlẹ̀, pé kí n dá owó wọn padà. — Ẹni Tí Ìjì Gba Ilé Rẹ̀, Felele."

Ọmọ mi, ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tìrẹ ló kéré jù, nítorí ìwọ nìkan ni ó kan èèkàn. Ta ni kò mọ̀ pé odò tí òyìnbó ń pè ní Niger, Ọya ni àwọn baba wa ń pè é? Ọya, aya Ṣàngó, obìnrin tí í fi ẹ̀fúùfù gbálẹ̀ sílẹ̀ de ọkọ rẹ̀, arẹwà tí a kì í bá ṣe àríyànjiyàn, ìyá ọmọ mẹ́sàn-án tí kì í fi ọ̀kan tọrọ. Ẹni tó bá lọ pàgọ́ sẹ́nu ọ̀nà irú obìnrin bẹ́ẹ̀, ní oṣù kẹrin tí àkọ́rọ̀ òjò ń bínú, tí kò kí onílé kí ó tó tẹ́ ẹní, tí ó wá gbójú sókè tí ó rí i pé òrùlé òun ti lọ, ṣé èèkàn ló yẹ kí ó máa pè lẹ́jọ́? Bí afẹ́fẹ́ bá ti gbé ọlọ, kí ni ẹlẹ́lùbọ́ tún ń dúró ṣe lọ́jà?

Síbẹ̀, kí o má baà sọ pé mo fi Ọya dẹ́rù bà ọ́ láìkọ́ ọ lọ́gbọ́n, gbọ́ èyí. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ní àgbègbè wa, láti ìlà-oòrùn ni ó ti máa ń ṣígun lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ̀yìn àgọ́ ni à ń kọ sí i, a kì í kọ ẹnu ọ̀nà sí i, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, òrùlé ni yóò gbà jáde. Èèkàn kì í sì í di iyanrìn etí odò mú. Àpò ni ẹ ó rọ iyanrìn kún, ẹ ó so okùn mọ́ ọn, ẹ ó sì rì í mọ́lẹ̀. Ní ti 'ènìyàn mẹ́rin' tí wọ́n kọ sí i lára, ẹni tó kọ ọ́ kò tíì fojú kan ọmọ Okun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán tán. Mẹ́rin tirẹ̀, méjì tiwa ni, bí àwọn méjèèjì kò bá sì tíì jà.

Ìmọ̀ràn mi nìyí: pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ jọ, wọ aṣọ funfun, má rẹ́rìn-ín, kí o sọ fún wọn pé àgbà kan ti bá ọ wádìí ọ̀ràn náà délẹ̀, pé àgọ́ yín kò sọnù, pé onílé ni ó gbà á, pé ó sì ku ewúrẹ́ kan àti ọtí díẹ̀ tí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò dáwó rà kí ó má baà padà wá gba bàtà yín. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò tún dárúkọ èèkàn títí ayé. Ẹ má ra àgbò o, èèwọ̀ Ọya ni. Bí ewúrẹ́ bá sì ti délẹ̀, ẹ rántí ibi tí mo ń gbé, nítorí obìnrin tó ni odò kì í dá ẹran jẹ tán.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Àwa márùn-ún la jọ lọ sùn síta fún agbo orin ọjọ́ méjì. Èmi gbé ìkòkò, sítóòfù, ìrẹsì, ata lílọ̀ àti ẹja tútù tí mo rà ní Kpata. Ọ̀kan gbé ẹ̀rọ tó ń pariwo, ọ̀kan kó awò ojú dúdú mẹ́ta, ọ̀kan gbé gìtá tí kò mọ̀ ọ́n ta, ẹnì karùn-ún gbé ara rẹ̀. Gbogbo wọn jẹ àjẹtúnjẹ, ẹnìkan kò fọ àwo. Wọ́n tún ti ń pè mí fún oṣù kejìlá. — Olúwa-Ìkòkò, Lokongoma."

Àbúrò mi obìnrin, mo mọ òwe tí wọ́n fi pè ọ́: wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sọ̀yà tán, ọwọ́ ta ni ó kan omi ọṣẹ? Ẹja odò wa, ẹja tí omi méjì jùmọ̀ tọ́ dàgbà, ọlọ́ràá inú, a-ta-sánsán-kí-a-tó-ṣí-ìkòkò, kì í ṣe ohun tí à ń fún ẹni tó kó awò ojú wá.

Bí ìwọ yóò bá ṣe ìdájọ́ òdodo, kí olúkúlùkù jẹ nínú ohun tó gbé wá. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ, kí ó máa fi ariwo jẹ ẹ̀bà. Ẹni tó kó awò ojú mẹ́ta, kí ó wọ ọ̀kan wo ìrẹsì, kí ó wọ èkejì wo ẹja, kí ó fi ẹ̀kẹta wo ìdí ìkòkò títí yóò fi yó. Kí onígìtá jẹ okùn. Ẹni tó gbé ara rẹ̀ nìkan wá, ẹ fi í lé ẹ̀fọn lọ́wọ́, kí ohun kan lè jẹ nínú ìnáwó tirẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n bí ojú bá ń tì ọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀nà mìíràn wà tó rọrùn. Má dáná ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Jẹ́ kí ebi mú wọn wò. Ìgbà tí wọ́n bá kígbe orúkọ olórin tí gbogbo ayé torí rẹ̀ wá, ìgbà náà gan-an ni kí o ṣáná sí sítóòfù, kí o da epo síná, kí o ju àlùbọ́sà sí i, kí òórùn ọbẹ̀ àti ohùn orin dé ihò imú àti ihò etí wọn pọ̀. Níbẹ̀ ni ìwọ yóò ti mọ ẹni tó wá nítorí orin àti ẹni tó wá nítorí ìkòkò rẹ. Ẹni tó bá sáré lọ jó, o ti ní ìdí tí kò fi ní bá oúnjẹ; ẹni tó bá dúró tì ọ́, fún un ní kànrìnkàn. Ohun kan tí n kò fi ṣeré rárá nínú ọ̀ràn yìí ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dáná èédú tàbí sítóòfù nínú àgọ́ tí ó pa dé, nítorí afẹ́fẹ́ burúkú kan ń bẹ nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn, a sì máa pa ènìyàn lójú oorun.

"Ẹ gbà mí o, Bàbá. Ọmọkùnrin mi tí a ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ rán lọ kàwé ní Leeds pè mí, ó ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ń lọ sùn nínú pápá màlúù fún ọjọ́ márùn-ún, nínú àgọ́, pé orin ni àwọn fẹ́ gbọ́. Owó ìwọlé nìkan ju 350 pọ́n-ùn lọ! Ó fi àwòrán ọdún tó kọjá ránṣẹ́: àwọn òyìnbó wà nínú ẹrẹ̀ dé orúnkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti lé e jáde nílé tí kò fẹ́ sọ fún mi? Ṣé kí n pe pásítọ̀? — Ìyá Tí Kò Sùn, Adankolo."

Ìyá mi, ẹ fara balẹ̀, ẹ má ì tíì pe pásítọ̀, nítorí bí pásítọ̀ bá gbọ́ iye tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà, òun pẹ̀lú lè fẹ́ ra pápá. Àwọn àgbà ti wí pé ọmọ tó ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun. Bí àgọ́ tí ọmọ yín fẹ́ sùn bá rí bí mo ti gbọ́ pé ó ń rí, ìdájọ́ ti dé ilé rẹ̀ kí ẹ tó pè é lẹ́jọ́.

Bí mo ti rò ó, agbo orin Glastonbury ni ibi tí ó ń lọ, nínú oko kan tí wọ́n ń pè ní Worthy Farm ní abúlé Pilton, ní ẹkùn Somerset. Àgbẹ̀ oníwàrà kan, Michael Eavis, ni ó dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1970. Pọ́n-ùn kan péré ni ó gbà lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan, ó sì tún fún wọn ní wàrà màlúù rẹ̀ mu lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 2025, owó ìwọlé ti lé ní 370 pọ́n-ùn, n kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ wàrà mọ́. Àwọn màlúù nìkan ni wọ́n jèrè: ní àwọn ọdún kan bí irú 2018, wọn kì í ṣe agbo náà rárá, kí koríko lè hù, kí ilẹ̀ lè sinmi lọ́wọ́ bàtà. Ẹ rí i pé màlúù ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ ju olùkọ́ tiwa lọ.

Ní Amẹ́ríkà, bákan náà ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1969, nǹkan bí 400,000 ènìyàn ya bo oko àgbẹ̀ kan, Max Yasgur, ní Bethel, ní ìpínlẹ̀ New York, fún agbo tí wọ́n sọ ní Woodstock. Òjò rọ̀ lé wọn lórí, oúnjẹ wọ́n wọn, ojú ọ̀nà dí pa, Jimi Hendrix tí ó yẹ kí ó fi gìtá rẹ̀ kádìí eré ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kò sì gun orí ìtàgé títí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé fi mọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti wá ọ̀nà ilé lọ. Oníwàrà ni Yasgur náà! Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lọ wádìí ohun tí màlúù ń sọ sí àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí létí. Ní tèmi, mo dúpẹ́ pé ewúrẹ́ ni à ń sìn.

Ẹ má sì rò pé ilẹ̀ àjèjì pátápátá ni ọmọ yín ń lọ. Sunny Adé, ọba orin jùjú, a-fọwọ́-kan-gìtá-kí-ẹsẹ̀-má-gbélẹ̀, ti kọrin ní Glastonbury ní 1983. Ní 1984, Fẹlá Àníkúlápó, abàmì ẹ̀dá, ọkọ wàhálà, ẹni tó fi ikú sápò tí ó tún ń wá ìjà káàkiri, dé ibẹ̀. Ní 2024, Burna Boy gun ìtàgé wọn tó tóbi jù, èyí tí wọ́n ń pè ní Pyramid. Ẹsẹ̀ ará ilé ti la ọ̀nà náà fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ẹrẹ̀ ni.

Ẹrẹ̀ yìí gan-an ni ó ń dùn mí. Ẹ̀yin ará Adankolo, ta ni yóò kọ́ yín ní ẹrẹ̀? Ní 2012, àti ní 2022, nígbà tí odò méjèèjì kún ju ara wọn lọ tí wọ́n wá kí wa nínú yàrá, tí omi bo ọ̀nà Àbújá mọ́lẹ̀ ní ìhà Koton-Karfe tí àwọn arìnrìn-àjò fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ sùn sínú mọ́tò, tí àwọn ará Ganaja ń fi ọkọ̀ ojú omi kó bẹ́ẹ̀dì jáde lójú fèrèsé, gbogbo wa la sùn síta, olórin kan kò yọjú, ẹnìkan kò sì ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí omi kò lé rí nìkan ni ó lè sanwó kí ó tó sùn nínú ẹrẹ̀. Nítorí náà, ẹ bá ọmọ yín yọ̀ díẹ̀, ó ti dé ibi tí ìyà ti di ohun tí à ń rà.

Nígbà tí ẹ bá yọ̀ tán, ẹ wá gbẹ̀san. Odò Ọya tó ń kọjá lẹ́yìn ilé yín yìí, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti gba ìlú Ségou kọjá ní ilẹ̀ Mali, wọ́n sì ti ń ṣe àjọ̀dún orin ńlá létí rẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún 2005. Òmíràn tún wà rí ní aṣálẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2001, tí ó sì fi ọdún díẹ̀ wà ní Essakane lẹ́bàá Timbuktu, tí àwọn Tuareg ń pàgọ́ aláwọ sórí iyanrìn fún àlejò, kí ogun tó dá a dúró lẹ́yìn oṣù kìíní ọdún 2012. Ẹ pe ọmọ yín lórí fóònù lọ́jọ́ tó bá dé inú ẹrẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé àpẹẹrẹ rere tó fi lélẹ̀ ti wú yín lórí, pé ẹ̀yin àti àwọn ìyá ẹgbẹ́ yín mẹ́fà ti ta ilẹ̀ tó kù, ẹ ti ra àgọ́ aláwọ̀ ewé kan, ẹ sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́la láti Lọ́kọ́jà títí dé Ségou, lòdì sí omi, ẹ ó máa jó lọ, ẹ ó máa sùn níbi tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Kí ẹ tó pa fóònù, ẹ bi í léèrè irú bàtà tó dára fún ẹrẹ̀. Bí kò bá dé ilé kí agbo náà tó tú, ẹ kọ̀wé sí mi, n ó dá owó yín padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò fún mi ní kọ́bọ̀.

"Bàbá, a fẹ́ sùn létí odò fún agbo orin, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ẹ̀fọn ń bà wá. — Ẹlẹ́jẹ̀ Dídùn, Crusher."

Ẹ̀rù tó tọ́ ni. Àwọn òyìnbó tó wá tẹ̀dó síbí ní 1841, ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n gbé wá pẹ̀lú ìwé àdéhùn àti irinṣẹ́ oko, wọ́n gba ilẹ̀ nítòsí ibi tí odò ti pàdé, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi oko han ènìyàn dúdú. Ẹ̀fọn ni ó fi oko han àwọn. Ibà wó wọn lulẹ̀, wọ́n ń sin òkú ní ọ̀tún àti ní òsì, Samuel Àjàyí Crowther tí ó bá wọn wọkọ̀ sì fojú ara rẹ̀ rí i. Èyí tó mú mi rẹ́rìn-ín nínú ọ̀ràn ìbànújẹ́ náà ni pé wọn kò fura sí ẹ̀fọn rárá, afẹ́fẹ́ àbàtà ni wọ́n ń bú. Ará Felele, ṣé o gbọ́? Ní 1854, Dókítà Baikie gbé ọkọ̀ Pleiad wá, Crowther tún bá a wá, ó ń fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní kuiníìnì mu lójoojúmọ́, òyìnbó kan ṣoṣo kò sì bá ibà lọ. Nígbà tó yá, Baikie padà wá jókòó ó sì di baálé Lọ́kọ́jà.

Nítorí náà, ẹ gbé nẹ́ẹ̀tì olóògùn dání, ẹ wọ aṣọ tó bo apá, ẹ sì yan ọ̀rẹ́ lọ́nà ọgbọ́n. Ẹ̀fọn fẹ́ràn ẹlòmíràn ju ẹlòmíràn lọ. Ẹ wá ẹni tí ara rẹ̀ máa ń yún jù nínú ẹgbẹ́ yín, ẹ tẹ́ ẹ sẹ́nu ọ̀nà àgọ́, ẹ sọ fún un pé ipò ọlá ni.

"Bàbá mi, ọkọ mi ní òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń lọ sí orí Òkè Patti fún àdúrà òru méjì. Mo tú báàgì rẹ̀ wò: mo bá àgọ́, gìtá, bàtà ijó funfun, àti ìgò mẹ́fà tí kò jọ ìgò òróró ìyàsímímọ́. Kí ni kí n wí? — Aya Wòlíì Tuntun, Sarkin Noma."

Arábìnrin mi, ẹ má wí nǹkan kan. Ìtàn adùn-gbọ́ ti mọ́ òkè náà lára. Lugard, ẹni tó ka ìkéde ìjọba Àríwá ní ìlú wa yìí ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, ní ilé ìsinmi lókè níbẹ̀. Àwọn tó sì ń mú àlejò gun òkè a máa fi ọwọ́ sọ àyà pé níbẹ̀, nítòsí igi oṣè, ni Flora Shaw dúró sí, tí ó wo odò méjèèjì, tí ó sì sọ orílẹ̀-èdè wa ní Nàìjíríà. Ìtàn náà dùn, ó sì ń mú owó díẹ̀ wọlé fún àwọn ọmọ wa, n kò ní kí wọ́n má sọ ọ́. Ṣùgbọ́n inú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ́nù, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní ọdún 1897, ni arábìnrin náà ti kọ orúkọ yẹn, 1902 ni òun àti Lugard tó ṣe ìgbéyàwó. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ó ṣẹlẹ̀ lórí Òkè Patti, ẹ béèrè ọjọ́.

Ẹ di báàgì ọkọ yín padà bí ẹ ti bá a. Ẹ̀yin sáà da ohun tó wà nínú ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà síbi tí ó bá yẹ, ẹ rọ zobo kún un, ẹ dé e. Ní òru kejì, kí ẹ̀yin àti àwọn ẹgbẹ́ akọrin obìnrin wọ aṣọ funfun, ẹ mú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo dání, ẹ gun òkè, ẹ ní Ẹ̀mí ni ó rán yín láti wá gbé àdúrà wọn lẹ́sẹ̀. Ọba Dáfídì pàápàá jó, kò sí ẹni tó lè fi ìyẹn bá yín wí. Kí ẹ wá ní kí ọkọ yín darí ìsìn láti agogo méjìlá òru títí di agogo mẹ́rin, lórí ìkúnlẹ̀, láìsí gìtá. Bí ó bá ṣe é délẹ̀, ẹ ti rí wòlíì fẹ́. Bí kò bá sì lè ṣe é, ẹ mọ ẹni tí yóò máa fọ àwo títí di ọdún tuntun.

"Bàbá, ọ̀rẹ́ wa kan tí a jọ wà ní ìbùdó àwọn agùnbánirọ̀ ní Asaya, ní Kàbà, a máa hanrun tó bẹ́ẹ̀ tí àgọ́ fi ń gbọ̀n. — Ẹni Tó Di Etí, Ganaja."

Ẹ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ ọ́. Mo gbọ́ pé wọ́n ń sanwó fún ẹni tó bá lè ṣe ìró burúkú títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ mú un lọ bá àwọn tó ń to eré, kí ẹ gba ìdá mẹ́wàá yín.

"Bàbá, gbogbo ìgbà lẹ ń gbà wá nímọ̀ràn lórí ohun tí ẹ kì í bá wa ṣe. Àwa mẹ́fà ń lọ pàgọ́ ní oṣù kejìlá. Ṣé ẹ ó bá wa lọ? — Àwọn Ọmọ Kabawa."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ rere ni yín, òkú òǹgbẹ kò ní gbẹ yín. N ó lọ. Àgọ́ tèmi, kí ó ga tó kí n lè dúró nínú rẹ̀ pẹ̀lú fìlà lórí. Kí ẹ gbé ibùsùn wá, kì í ṣe ẹní, àti àga tó ní ẹ̀yìn. Kí ilé ìyàgbẹ́ má súnmọ́ mi jù, kí ó má jìnnà sí mi jù, kí ó má sì wà ní ìhà odò, nítorí omi yẹn kan náà ni àwọn ará ìsàlẹ̀ ń mu. Kí olórin àkọ́kọ́ jẹ́ ẹni tí ó mọ bí a ti í ki ènìyàn, kí ó sì ti mọ oríkì mi kí n tó dé, nítorí n kì í jó sí orin tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá dàgbà jù nínú yín ni yóò sùn lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ mi, ẹni tó kéré jù ni yóò máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìhanrun tí mo bá ará Ganaja sọ lókè yìí, ẹ má fi kan tèmi o: àgbà kì í hanrun, èrò ni ó ń rò sókè.